Másítà Láti Ẹ̀bá Omi Ẹlẹ́yẹlé: Ta Ni Yóò Ka Ìwé-Ẹ̀rí Náà?

Nọ́ọ̀sì kan ń gbé ilé kejì sí tiwa ní Ẹlẹ́yẹlé. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tó wà ládùúgbò wa níbí ló ti jáde. Ó ṣiṣẹ́ fún ọdún bíi mẹ́fà, ó sì tún gba dìgírì ní National Open University, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní NOUN. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, ó mú fóònù rẹ̀ tọ̀ mí wá. Ilé ẹ̀kọ́ mẹ́fà ló ti tò síbẹ̀: méjì ní Nàìjíríà, méjì ní ìlú ọba, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, àti ọ̀kan tí n kò mọ ibi tó wà títí di òní. Gbogbo wọn ló ń polówó oyè másítà nínú ìṣàkóso tàbí ìdarí, gbogbo wọn ló sì ní kò ní í kúrò nílé rárá.

"Bọ̀dá, èwo ni kí n mú nínú wọn?"

Mo ní kó kọ́kọ́ sọ fún mi: ta ni yóò ka ìwé-ẹ̀rí náà?

Ó rò pé mo ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí dà bí lẹ́tà. Bó ti wù kí lẹ́tà dùn tó, ọwọ́ ẹni tí a kọ ọ́ sí ni iyì rẹ̀ wà. Ìgbìmọ̀ tó ń gbé òṣìṣẹ́ ìjọba ga ní Agodi, yunifásítì tí èèyàn ti fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé lọ́jọ́ iwájú, ilé ìwòsàn kan ní Manchester, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ aládàáni ní Ring Road: ojú tí wọ́n fi ń ka ìwé kan náà kò bára mu. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti bá mi sọ ọ̀rọ̀ yìí ló jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá. Ìgbà tí owó bá ti lọ tán ni wọ́n ń rántí ẹni tí yóò ka ìwé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé íntánẹ́ẹ̀tì ló mú irú ẹ̀kọ́ yìí wọ Ìbàdàn. Ní 1942, nígbà tí wọ́n sé odò Ọ̀nà tán láti fi ṣe omi ẹ̀rọ Ẹlẹ́yẹlé, ọkùnrin ará Ìkẹ́nẹ́ kan wà nínú ìlú yìí tó ti ṣòwò kòkó, tó ti ṣòwò ọkọ̀ akẹ́rù, tí gbèsè sì ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn rí. Ó ń kàwé nílé fún oyè Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láì tíì fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1944, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba oyè náà, B.Com., oyè ìmọ̀ ìṣòwò. Lẹ́yìn rẹ̀ ló tó wọkọ̀ òkun lọ kọ́ ìmọ̀ òfin. Láti 1858 ni Lọ́ńdọ̀nù ti ṣí ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò bá jókòó ní kíláàsì wọn. Wọn kì í béèrè ibi tí o ti kà á, ohun tí o kọ sínú ìwé ìdánwò ni wọ́n ń béèrè. Gbogbo amòfin àti oníṣòwò tó bá rí "London" lórí ìwé Awólọ́wọ̀ ló mọ ohun tó túmọ̀ sí, lẹ́tà náà sì dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Kódà nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gíga tó padà di Yunifásítì Ìbàdàn (UI) bẹ̀rẹ̀ ní 1948, oyè Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gbà títí di 1962. Tí a bá fẹ́ fi dá àpárá, a lè sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ọ̀nà jíjìn ni UI fúnra rẹ̀ nígbà èwe rẹ̀.

NOUN ni orúkọ tó kọ́kọ́ ń wá sẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìtàn rẹ̀ sì dà bí eré orí ìtàgé. Ìjọba Ṣàgàrí dá a sílẹ̀ ní 1983. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹrin 1984, ìjọba ológun Bùhárí tì í pa. Ọbásanjọ́ ló tún jí i dìde, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ padà ní 2002. Nígbà tí Ọbásanjọ́ kúrò nípò, òun náà lọ forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìsìn Kírísítì ní 2018. Títí di ìgbà yẹn, àwọn tó ń jáde ní NOUN kò lè lọ sìnrú ìlú, ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹjọ́rò kò sì gbà wọ́n wọlé. Àtúnṣe òfin tó tú ìdè yẹn wá ní oṣù kejìlá 2018, ààrẹ tó sì fọwọ́ sí i ni Bùhárí. Ọwọ́ tó ti ilẹ̀kùn ní 1984 náà ló padà ṣí i gbayawu.

Ẹ má rò pé ìtàn lásán ni mo ń pa. Títí di báyìí, àwọn àgbà òṣìṣẹ́ kan ṣì wà tí wọ́n ń fi ojú àtijọ́ wo ìwé NOUN, tí wọ́n rò pé pátáàmù tí kò níláárí ni. Bí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ bá wà lórí tábìlì tí ìwé rẹ máa dé, ó yẹ kí o mọ̀ kí o tó san owó. Ní ti èmi, ìwọ̀sí lásán ni mo ka ojú yẹn sí. NOUN ní MBA, ó ní MPA, ó tún ní irú méjèèjì tí àjọ Commonwealth of Learning ṣètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ àṣetiléwá tí wọ́n ń pè ní TMA ló ń kó máàkì 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdánwò ló ń kó 70 tó kù, o sì ní láti fẹsẹ̀ ara rẹ dé gbọ̀ngàn ìdánwò. Ìdánwò yẹn gan-an ló ń dáàbò bo iyì ìwé náà. Owó kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, owó ìdánwò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, nítorí náà ẹni tó bá rí i pé iye àkọ́kọ́ kéré, kó ṣírò rẹ̀ dé ìparí.

UI wá ńkọ́, tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ wa níbí ló wà? Ibí ni ọ̀pọ̀ ará àdúgbò wa ti ń ṣìnà. UI ní ibùdó ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn ní Mórohùndíyà, lójú ọ̀nà Ìlọrin, èyí tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ètò ẹ̀kọ́ ìta ní 1988. Dìgírì àkọ́kọ́ ni wọ́n fi mọ ibẹ̀ jù. Ẹni tó bá gbọ́ "UI" àti "dístánsì" pọ̀ kò gbọdọ̀ gbà pé MBA UI wà fún un lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn másítà UI tí àwọn òṣìṣẹ́ Ìbàdàn fẹ́ràn, MBA ti School of Business wọn, Managerial Psychology tí àwọn òṣìṣẹ́ báńkì ń ṣe bí ẹni ń jẹ àkàrà, inú ọgbà ni wọ́n ti ń kọ́ wọn. Bí ìkéde kan bá ní ó ti yàtọ̀, ọ́fíìsì Postgraduate College ni kó ti lọ béèrè, kó má béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta fọ́ọ̀mù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ronú sí i díẹ̀. Láti Ẹlẹ́yẹlé, gba Ìjókòdó, gba Sángo, o ti dé ẹnu ọ̀nà UI. Takisí Máíkírà kan tàbí méjì ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò jìn, àkókò ló jìn. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì kò lè jókòó sí kíláàsì ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kó má sùn sórí ìwé. Olùkọ́ tó ń dé ilé ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, tí Sátidé rẹ̀ sì ṣófo, lè ṣe é dáadáa. Mo ti rí èèyàn tó ń san owó dọ́là sí ilé ẹ̀kọ́ òkèèrè nítorí pé "kò sí àkókò", tó sì jẹ́ pé kò sí wákàtí kan nínú ọ̀sẹ̀ tó ṣí ìwé ilé ẹ̀kọ́ òkèèrè náà. Ẹ̀kọ́ orí fóònù kò dá àkókò sílẹ̀ fún ẹni tí kò ní in. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí o fọ́ àkókò rẹ sí wẹ́wẹ́.

Yàtọ̀ sí àwọn wọ̀nyí, Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ń kọ́ MBA pátápátá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọmọ Ìbàdàn sì wà nínú àwọn tó ń ṣe é. UNILAG ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn láti 1974. Miva, yunifásítì aládàáni orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Sim Shagaya dá sílẹ̀, gba ìwé àṣẹ ní 2023. Ó yára, ó mọ̀ ọ́n ṣe lórí fóònù, ṣùgbọ́n ọmọdé ni lójú àwọn tó ń ka ìwé-ẹ̀rí. Àjọ NUC ní àkọsílẹ̀ àwọn tó fún láṣẹ láti kọ́ni lọ́nà yìí. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni yíyẹ̀ ẹ́ wò ń gbà. Kí a wo orúkọ yunifásítì nìkan kò tó, nítorí yunifásítì lè ní àṣẹ kí kọ́ọ̀sì kan nínú rẹ̀ má tíì ní.

Ó kan orúkọ oyè gan-an. Ìṣàkóso àti ìdarí kì í ṣe ohun kan náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn apolówó ń pa wọ́n pọ̀. MBA jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, ọjà àti ìṣirò. MPA jẹ́ ti iṣẹ́ ìjọba. Másítà nínú ìdarí, èyí tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ òkèèrè ń pè ní Leadership, ọ̀rọ̀ èèyàn ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀: bí a ṣe ń yí ọkàn òṣìṣẹ́ padà, bí a ṣe ń parí ìjà, bí a ṣe ń mú ilé-iṣẹ́ gba àyípadà. Mo fẹ́ràn ẹ̀kọ́ yẹn ju MBA lọ, n kò sì fi pamọ́. Bí ọ̀pọ̀ mátírọ̀n àti ọ̀gá ilé ìwé bá ní ìdá mẹ́rin rẹ̀ lásán, àlàáfíà á pọ̀ níbi iṣẹ́. Síbẹ̀, ní Nàìjíríà, MBA ni ẹni tó ń ka ìwé mọ̀. Tí ó bá rí "Leadership", á bi ọ́ pé kí ni o kọ́ gan-an. Olùkọ́ ní ọ̀nà kan tó dára ju méjèèjì lọ, M.Ed. nínú ìṣàkóso ẹ̀kọ́, nítorí pé ẹni tó máa kà á mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó.

Àwọn tó bá ní oyè ọ̀mọ̀wé lọ́kàn ni kí wọ́n ṣọ́ra jù. MBA àti MPA jẹ́ másítà fún iṣẹ́, ọ̀pọ̀ yunifásítì wa kì í sì gbà wọ́n tààrà fún Ph.D.; wọ́n á ní kí o lọ ṣe M.Sc. tàbí M.Phil. ná. Ní UI, máàkì másítà ló ń pín àwọn èèyàn: 60 sókè lè lọ tààrà sí Ph.D., 55 sí 59 á gba ọ̀nà M.Phil./Ph.D., 50 sí 54 á ṣe M.Phil. ná, ẹni tí kò bá tó bẹ́ẹ̀ ti parí ìrìn àjò rẹ̀ níbẹ̀. Kí ẹni tó bá ń yan ilé ẹ̀kọ́ òkèèrè béèrè bóyá máàkì wọn ṣeé túmọ̀ sí irú èyí, nítorí pé "Pass" àti "Merit" kì í ṣe ohun tí àwọn ọ́fíìsì wa fẹ́ràn láti rí.

A ò sì lè sọ̀rọ̀ yìí ní àgbègbè wa ká má dárúkọ àwọn tó gba HND. Poly Ìbàdàn ti wà láti 1970, ìwọ̀nba ìrìn díẹ̀ ni láti Ìjókòdó sí ibẹ̀, ilé tí kò ní ọmọ Poly kan ṣọ̀wọ́n nínú àdúgbò wa. Lọ́dọ̀ yunifásítì Nàìjíríà, ẹni tó gba HND á ṣe PGD ná kó tó dé másítà. Ọdún kan ni, owó kan sì tún ni. Àwọn yunifásítì ìlú ọba kan máa ń gba HND pẹ̀lú ìrírí iṣẹ́, èyí ló sì ń fa ọ̀pọ̀ wọn lọ sí òkèèrè. Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ ìgbìmọ̀ ní Agodi lè tún padà béèrè PGD tí o fò kọjá.

Òkèèrè wá dé. Open University ti ìlú ọba, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1971, ni baba gbogbo wọn, ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò rẹ̀ sì wà lára àwọn díẹ̀ lágbàáyé tí àjọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, AMBA, EQUIS àti AACSB, fọwọ́ sí. University of the People, tí Shai Reshef dá sílẹ̀ ní 2009, kì í gba owó ilé ẹ̀kọ́, owó ìdánwò kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan ló ń gbà. Ìjọba ìlú ọba tún ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀nà jíjìn fún àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth, iye kọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ ẹni tó bá rí i gbà ti bọ́ lọ́wọ́ gbèsè.

Gbèsè yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Kí náírà tó já ní oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan ń lọ bíi 470 náírà lọ́dọ̀ ìjọba. Nígbà tó fi di oṣù kejì 2024, ó ti sún mọ́ 1,500. Ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì tí iye rẹ̀ jẹ́ 6,000 dọ́là kúrò ní mílíọ̀nù 2.8, ó di mílíọ̀nù 9, láì jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ fi kọ́bọ̀ kan lé e. Àwọn tó ti dé àárín ọ̀nà nígbà náà kò lè tẹ̀ síwájú, wọn kò sì lè padà. Ẹni tó bá ń gba owó oṣù ní náírà tó fẹ́ san ní dọ́là, kó san èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀rẹ̀, tàbí kó yan ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ kí a san owó kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, tó sì jẹ́ kí a dúró ká mí.

Nọ́ọ̀sì tó rò pé másítà ìṣàkóso máa gbé òun lọ sí ìlú ọba tún ní láti gbọ́ òótọ́ kan. Ẹni tó ń ka ìwé nọ́ọ̀sì níbẹ̀ ni àjọ NMC, ohun tí ó sì ń wá ni ìwé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà àti èyí tí a ń fi ọwọ́ ṣe. Másítà wúlò nígbà tí èèyàn bá ti wọlé tó fẹ́ di ọ̀gá. Kò sí lára kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà.

Èyí tó kù nínú àwọn mẹ́fà orí fóònù aládùúgbò mi ni èyí tí n kò mọ ilé rẹ̀. Wọ́n ní kò ní ṣe ìdánwò, pé "ìrírí ayé" rẹ̀ ti tó, kó ṣáà sanwó. Ní 2015, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí ilé-iṣẹ́ Axact ní Karachi, ní Pakistan, tó ń ta oyè yunifásítì tí kò sí níbì kankan. Nítòsí wa níbí, ní ìparí 2023, oníròyìn Daily Nigerian kan, Umar Audu, fi hàn pé òun gba dìgírì láti Kútọnù láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó sì fi ìwé náà lọ sìnrú ìlú. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní 2024, ìjọba àpapọ̀ dá gbígba ìwé-ẹ̀rí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò dúró. Nígbà tó yá, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní ìwé àwọn èèyàn tó lé ní 22,000 ni wọ́n máa fagi lé. Àwọn kan nínú wọn jókòó sí kíláàsì ní tòótọ́. Ẹ̀gàn ilé ẹ̀kọ́ burúkú kò mọ ọmọ rere yàtọ̀.

Ní tèmi, PGD ọ̀nà jíjìn ni mo ṣe, n kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ọdún kan àti ààbọ̀ ló yẹ kó gbà. Mo lo ọdún mẹ́ta. Wọ́n sọ èsì kọ́ọ̀sì kan nù, mo sì ń kọ̀wé, mo ń gun ọkọ̀, mo ń bẹ akọ̀wé kan tó máa ń wà lórí ìsinmi ní gbogbo ìgbà. Láti ìgbà náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè bí ilé ẹ̀kọ́ kan ṣe rí, mo máa ń ní kó wá ẹni tó ti jáde níbẹ̀ kó bi í ní ìbéèrè kan: ìgbà wo ni tíránsíkíríìpù rẹ jáde? Olùkọ́ tó dára pọ̀ lórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí à ń sanwó fún lọ́dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ni àkọsílẹ̀ tó péye, tó sì ń tètè jáde.

Iná àti dátà tún wà ńbẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù, fò dé 225 náírà lórí kílówáàtì-wákàtí kan; àwọn tí kò sí níbẹ̀ ń san owó epo jẹnẹrétọ̀. Ní 2025, NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, tún fàyè gba kí owó ìpè àti dátà fò sókè pẹ̀lú ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá ní gbogbo kíláàsì gbọ́dọ̀ jẹ́ ojúkojú lórí fídíò kò mọ Ẹlẹ́yẹlé. Èyí tó bá fún ọ ní ìwé tí o lè gbà sórí fóònù lóru nígbà tí owó dátà kéré, tí o sì lè kà níbi iṣẹ́ nígbà tí aláìsàn bá sùn, ìyẹn ló mọ̀ ọ́.

Aládùúgbò mi padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti pa márùn-ún rẹ́ nínú àwọn mẹ́fà náà. Ó ní Agodi ni ẹni tí yóò ka ìwé òun, nítorí ipò olórí nọ́ọ̀sì ni òun ń wá, MPA NOUN sì ni òun mú. Mo bi í bóyá ó ti gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ibi iṣẹ́ rẹ̀ kó tó forúkọ sílẹ̀, nítorí òṣìṣẹ́ ìjọba tó lọ kàwé láì gba àṣẹ lè parí rẹ̀ tán kí wọ́n má sì kà á sí. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun ti kọ lẹ́tà, ọ̀gá òun ní kí òun tún un kọ, òun tún un kọ, wọ́n ní fáìlì òun wà lókè. Ìforúkọsílẹ̀ máa parí ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ń bọ̀. Ní àárọ̀ yìí, mo rí i nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ń dúró de máíkírà lójú títì, fáìlì kan há sí i lábíyá. Ó ní wọ́n ní kí òun padà wá ní Ọjọ́rú.